Èrò ọkàn mi lórí kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ nínú ilé tí a jọ ń gbé

Iná ọba ni ó tú àṣírí náà. Nínú ilé tí mo ń gbé ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, yàrá mẹ́jọ ni ó kọjú síra wọn, a sì jọ ń lo ilé ìdáná kan àti balùwẹ̀ méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí iná ti lọ láti ọ̀sán, ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá kẹta ń bọ̀ láti balùwẹ̀, ó ró aṣọ ìnura mọ́ àyà, ó gbé korobá lọ́wọ́, ni iná bá dé lójijì. Gílóòbù tí bàbá onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàn, ó dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó yí ọrùn láti apá òsì dé apá ọ̀tún, ó sì padà wá dúró ní kíkọjú sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ gan-an. Ọmọbìnrin náà figbe ta. Nígbà tí a gbé àga, tí a tan tọ́ọ̀ṣì sí i, a rí ojú dúdú kékeré kan ní àárín rẹ̀ tí kò tó hóró ẹ̀wà, a sì rí ihò tóóró tí wọ́n ń ki káàdì tó ń tọ́jú àwòrán bọ̀. Kámẹ́rà ni.

A lọ bá bàbá onílé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a kí wọn bí ó ti yẹ, a sì béèrè. Wọn kò sẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti jí sílíńdà gáàsì méjì nínú ilé ìdáná wa, àwọn sì fẹ́ mú olè náà. Wọ́n ní, "Ilé mi ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ààbò yín náà ni mo ń wá." Mo gba bàbá gbọ́. N kò rò pé wọ́n ní èròkerò kan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ, a rí i pé fóònù bàbá fúnra wọn kò lè gbé àwòrán kankan. Ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Èkó ni ó ra gílóòbù náà, orí fóònù tirẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó ń rí ń lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí a kò mọ̀ rí ti ń wo bí a ṣe ń lọ wẹ̀ àti bí a ṣe ń bọ̀.

Inú agbo ilé kan ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọ̀pọ̀ yàrá ibẹ̀ kò ní ju aṣọ ìkélé lọ, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í ká ẹlòmíràn mọ́ ìhòòhò, nítorí pé ẹni tó ń bọ̀ yóò ké "Àgò onílé o," yóò sì dúró títí yóò fi gbọ́ "Àgò yà." Bàbá mi àgbà ni baálé agbo ilé náà, kò sí ibi tí kì í ṣe tiwọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í yọjú sí ẹ̀yìnkùlé tí àwọn obìnrin ti ń wẹ̀ láìkágò. Ohun tí ó jọ mí lójú nínú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ yìí nìyẹn: ẹni tí ó fi í pamọ́ ti wọlé tọ wá láìkágò, ó sì jókòó tì wá tọ̀sán-tòru.

Òfin ilẹ̀ wa kò jìnnà sí àṣà yìí. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a ti fọwọ́ sọ̀yà fún ọmọ orílẹ̀-èdè lórí ìkọ̀kọ̀ ara rẹ̀, ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ ránṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù, àti pé ààbò wà lórí wọn. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, ilé tí ènìyàn ń gbé ni òfin ń sọ, yálà òun ló kọ́ ọ tàbí ó ń san owó rẹ̀. Ẹni tí ó ti gba owó ilé ti yọ̀ǹda ìlò ibẹ̀ fún ayálégbé títí owó náà yóò fi tán. Bí ó bá fẹ́ wọ yàrá láti tún òrùlé ṣe, ó gbọ́dọ̀ sọ tẹ́lẹ̀. Báwo wá ni ojú rẹ̀ ṣe lè wọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè wọ̀ láìsọ?

Òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ara ẹni, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tún là á mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán ojú ènìyàn wà lára ìwífún tí òfin náà ń sọ. Ẹni tí ó bá ń gbà á gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin fọwọ́ sí, kí ó jẹ́ kí ẹni náà mọ̀, kí ó má gbà ju ohun tí ó nílò lọ, kí ó má sì tọ́jú rẹ̀ kọjá àsìkò tí ó wúlò fún. Lóòótọ́, òfin náà yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú agbo ìdílé tirẹ̀ nìkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ lójú. Ilé tí a ti ń gba owó lọ́wọ́ yàrá mẹ́jọ kì í ṣe agbo ìdílé ẹnì kan. Bí àwòrán ìhòòhò bá sì wá tibẹ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 lè sọ ẹni tó fi í síbẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 3, tàbí kí ó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì.

Aládùúgbò mi kan ní bí kámẹ́rà náà bá mú olè ńkọ́, ṣé ilé ẹjọ́ kò ní gbà á ni? Ó lè gbà á. Abala 14 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 fún adájọ́ láyè láti gba ẹ̀rí tí a rí lọ́nà tí kò tọ́, àfi bí ó bá rí i pé aburú tó wà nínú gbígbà á ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ ẹni tó gbé kámẹ́rà pamọ́ di aláìṣẹ̀. Olè yóò jẹ́jọ́ sílíńdà, àwa náà sì lè gba Ilé Ẹjọ́ Gíga lọ lórí ẹ̀tọ́ wa.

Kì í ṣe onílé nìkan ni mo ń bá wí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí wọ́n ń gbé méjì tàbí mẹ́ta nínú yàrá kan ń ṣe é fún ara wọn, nítorí gààrí tó ń dín tàbí ẹran tó ń pòórá. Ẹni tí ó fi kámẹ́rà ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo ń wo ẹni tó ń bọ́ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà pẹ̀lú. Ẹ̀tọ́ àwọn méjèèjì sí yàrá náà dọ́gba, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè gbà á láyè fún ẹnì kejì rẹ̀.

N kò kórìíra kámẹ́rà. Èyí tí ó bá wà ní ẹnu géètì, tí gbogbo ayálégbé mọ̀ nípa rẹ̀, tí a sì mọ ẹni tó ń wò ó, èmi gan-an yóò dá owó sí i. Inú ilé ni n kò fẹ́. Kódà Airbnb, iléeṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ti ń yá ilé fún ìgbà díẹ̀, tí ó ti ń gba kámẹ́rà tí a kò fi pamọ́ láyè tẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti pálọ̀ ilé tí àwọn ènìyàn ń yá, fòfin de gbogbo kámẹ́rà inú ilé káàkiri àgbáyé láti ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2024, ìbáà hàn síta ìbáà má hàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irú ilé tiwa, ẹ pa iná ní alẹ́, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gílóòbù, aago ara ògiri àti ṣájà tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín. Ojú kámẹ́rà a máa kọ mọ̀nà.

Bàbá ti yọ gílóòbù náà, wọ́n sì ti fi àgádágodo sí ilé ìdáná, kálukú wa ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Wọ́n gbà kí ọmọbìnrin náà pa gbogbo ohun tó wà lórí káàdì rẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ti ṣe é lójú gbogbo wa. Èyí tó wà lórí fóònù ọmọ wọn ní Èkó ni a ṣì ń béèrè.