Títọ́ ọtí wò nílé kì í jẹ́ kí ọmọ sá fún un níta

Ẹ lọ síbi ìkómọ èyíkéyìí, ẹ óò rí i. Ọmọ ọdún 9 dúró ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wọ́n da bíà tó ṣì ń hó sínú ìdérí ìgò fún un: "Ọkùnrin mẹ́ta, gbà, tọ́ ọ wò." Ojú ọmọ hunjọ, gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á ní: "Ìyàwó wa, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n nílé ò ní máa yọ́ mu ún níta."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn-ún gbọ́, irọ́ ló sì jẹ́. Ní Australia, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé ọmọ 1,927 láti nǹkan bí ọdún 12 títí dé 18. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018 nínú The Lancet Public Health, ìwé ìròyìn ìwádìí ìlera, àwọn tí òbí ń bu ọtí fún ló tún ń rí i gbà jù lọ́wọ́ ẹlòmíì. Wọn ò rí àǹfààní kankan tí bíbù ú fún wọn nílé ṣe. Ìyẹn ò sì yà mí lẹ́nu. Kí ni ọmọ yẹn kọ́ nídìí tábìlì? Ó kọ́ ọ pé bàbá òun mọ̀, bàbá òun ò bínú.

Àwọn kan á ní ẹmu ńkọ́, ṣebí kò le. Ẹmu àárọ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwúkàrà inú rẹ̀ kì í sinmi, ṣúgà yẹn gan-an ló ń sọ di ọtí. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, kèrègbè kan náà ti ń pa àgbàlagbà. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Ní ti ọtí dúdú tí wọ́n ń pò mọ́ mílíìkì pé ó ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ fún un.

Kí ọmọ tó pé ọdún 10 ni kí ẹ ti sọ ọ́, gbólóhùn kan péré: nínú ilé yìí, ọmọdé kì í fẹnu kan ọtí. Ẹ kọ́ ọ ní bí á ṣe dá àgbà lóhùn láìrí wọn fín: "Ẹ ṣé sà, dádì mi ní mi ò gbọ́dọ̀ mu ún." Bàbá ni kó sì kọ́kọ́ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́, ìyàwó ò lè gba ìgò lọ́wọ́ wọn láàárín èrò.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni rírán ọmọ lọ ra ọtí. Láti 2022 ni NAFDAC ti dáwọ́ ìforúkọsílẹ̀ ọtí inú ọ̀rá tuntun dúró, torí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ọmọdé sì lè fi í pamọ́ sápò. Òun náà la tún ń rán ọmọ lọ rà lálẹ́, tí à ń ní kó fi ṣéńjì ra bisikíìtì. Bí ẹ óò bá mu ún, ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ rà á.