Ọmọ tá a fọwọ́ tọ́ náà ń jà
Àwọn kan kọ ọ́ pé kangarúù pupa (ẹranko Ọsirélíà tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, tó sì ń fẹsẹ̀ ẹ̀yìn fò) téèyàn bá fi ike ọmú tọ́ láti kékeré kò ní ṣèèyàn léṣe, àmọ́ mi ò gbà rárá, torí ó ṣojú mi. Nígbà tí mo ń gbé ní Ọsirélíà, mo máa ń ran ìyá kan lọ́wọ́ tó níwèé àṣẹ láti tọ́jú àwọn ọmọ kangarúù tí mọ́tò pa ìyá wọn. Inú àpò aṣọ tá a gbé kọ́ ara ilẹ̀kùn ni wọ́n ń sùn, wàrà tiwọn sì yàtọ̀, torí wàrà màlúù máa ń da inú wọn rú. Akọ kan wà níbẹ̀ tó máa ń fa ìka mi mu títí oorun á fi gbé e lọ. Nígbà tó dàgbà, ṣe ló ń nàró tì mí, á dì mí láyà mú, á fìrù tilẹ̀, á wá fẹsẹ̀ méjèèjì ta mí. Kò bínú sí mi o! Bí akọ ṣe ń bá akọ jà nìyẹn, èèyàn ló sì tọ́ ọ, èèyàn ló kà sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé kò sóhun tó burú nínú fífi kangarúù ṣe ohun ọ̀sìn, torí pé ajá náà ń géèyàn jẹ, ẹ jọ̀ọ́, akọ kangarúù pupa lè wọn tó kílò 85, ó sì lè fo mítà 8 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgbà wo lẹ fẹ́ fi sé e mọ́? Pápá gbalasa la mú akọ tiwa yẹn lọ nígbẹ̀yìn, sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, ó ń jẹko lọ ní tiẹ̀, kò tiẹ̀ wojú mi. Ayọ̀ pa mí lẹ́kún.