Ẹ Wá Jó Ijó Ìfilọ́lẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ̀nà nílẹ̀ wa, kó má tíì wá ọ̀dà o. Kó lọ háyà kánópì ná.

Lẹ́yìn kánópì, ó ku ríbọ́ọ̀nù, àlùmọ́gàjí kan tó ń dán gbinrin lórí àwo, àti katapílà kan ṣoṣo. Kò pọn dandan kí katapílà lè ṣiṣẹ́, kó ṣáà ti lè rú èéfín. Ọlọ́lá yóò gun orí rẹ̀, yóò gbé akoto lé orí fìlà. Wọn á họ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú kan náà, torí ẹni tó ń ya fídíò ní òun ò rí ojú Ọlọ́lá dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Àwọn ìyálọ́jà ti wọ ànkárá tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí. Aṣọ ẹbí fún ọ̀nà! A ò tíì bí ọmọ, a ti ń sọ ọ́ lórúkọ.

Tí kánópì bá kúrò ńlẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ owó. Òfin ìrajà ìjọba ti 2007 kọ́kọ́ fi owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ sí ìdá 15 nínú 100. Ìyókù di ìgbà tí ẹnjiníà bá wọn iṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe ṣe, tó sì buwọ́ lùwé. Bí owó inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ò bá jáde lọ́dún náà, ìwé á sùn sínú fáìlì, agbaṣẹ́ṣe á kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, òjò á wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò ọ̀hún mọ ibi tí yóò gbà wọlé. Ọ̀nà tó máa pẹ́, gọ́tà ni wọ́n ń kọ́kọ́ là. Lẹ́yìn náà ni iyẹ̀pẹ̀ pupa, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ́ẹ̀kan, tí wọn á wọ́n omi sí níwọ̀nba, tí rólà á tẹ̀ títí yóò fi le gan-an. Òkúta fífọ́ á tẹ̀ lé e, ọ̀dà olómi á rin ín, kó tó wá kan ọ̀dà gbígbóná. Bí ìwọ̀n 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni yẹn máa ń gbóná kúrò níbi tí wọ́n ti ń pò ó. Tí tipa tó gbé e bá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí ọ̀dà náà tutù, rólà ò lè dì í mọ́ra mọ́. Ihò wẹ́wẹ́ á ṣẹ́ kù, omi á rin wọlé, òkúta á máa ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di kòtò. Àmọ́ ta ló ń gé ríbọ́ọ̀nù fún gọ́tà? Gọ́tà kì í yọ nínú fọ́tò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìṣirò nígbà tí owó ò bá fẹ́ tó.

Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 tún gba ìfilọ́lẹ̀ àtúnṣe tirẹ̀ ní Ṣàgámù lóṣù Keje 2013. Ní 2022, katapílà ṣì ń bá onímọ́tò du ojú ọ̀nà.

Ti reluwé Èkó ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìjọba Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ Metroline, ìjọba ológun Buhari fagi lé e ní 1985. Ta ló wá ṣí Blue Line, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 2023? Buhari náà ni! Èrò àkọ́kọ́ wọkọ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Ìyàwó tí a ti jẹ ìrẹsì rẹ̀, tó lo oṣù méje kó tó wọlé ọkọ. Ká má purọ́, iná àti rélì gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò. Àlùmọ́gàjí ni kì í dúró de ẹnjiníà. Red Line náà, ríbọ́ọ̀nù lóṣù Kejì 2024, èrò lóṣù Kẹwàá.

Ẹ má sì gbàgbé pátákó "A kí Ọlọ́lá kú oríire" tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jìn, wọ́n ri irin mọ́ ọn, wọ́n da kọnkéré kúnkún sí i. Òjò ọdún mẹ́ta ti rọ̀ lé e lórí, kò mì.