Ẹ Yé Fi Òkú Fáìlì Ránṣẹ́ Sí Wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Revit ya ilé ní Ifẹ̀ yìí, ó ti sú wa o! Ó sú ẹńjiníà, ó sú ẹni tó ń ṣírò búlọ́ọ̀kù, ó sì sú àwọn bíríkìlà tó ń dúró de dírọ́ọ̀ìn nínú oòrùn. Èyí tó dé lọ́sẹ̀ yìí ló wá kọjá àfaradà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Ẹdẹ, yàrá mẹ́rin, pálọ̀ méjì. Fáìlì rẹ̀ lé ní 600 MB! Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí, ẹ lè lọ jẹun kẹ́ ẹ tó padà dé.

Ibi pílánì awọnlẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lo Import CAD, wọ́n da gbogbo ẹ̀ sínú model (ilé tí wọ́n ń yà nínú Revit), wọ́n tún wá Explode ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n tú u sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo nọ́ńbà òkúta ààlà, gbogbo igi, gbogbo ojú gọ́tà tí awọnlẹ̀ yà ló di ìlà Revit fúnra rẹ̀. Ẹ lọ wo Line Patterns, ìyẹn àkójọ irú ìlà, nínú Additional Settings: IMPORT, IMPORT, IMPORT, wọ́n tò bí ìjàlọ. Èèyàn ló máa jókòó yọ wọ́n.

Wọ́n wá fi pílánì náà síbi tí coordinate rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà, gbé e sí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, bí awọnlẹ̀ bá lo UTM, ètò tó ń fi mítà sọ ibi tí ilẹ̀ wà, Easting (ìwọ̀n sí ìlà-oòrùn) ilẹ̀ Ifẹ̀ ń lọ sí bíi 670,000 mítà, Northing (ìwọ̀n sí àríwá) sì ń lé ní 820,000. Ìyẹn ju 1,000 kìlómítà lọ sí ojú òdo! Revit ò sì fẹ́ kí ohunkóhun jìnnà ju nǹkan bíi 16 kìlómítà lọ sí Internal Origin, ìyẹn ojú òdo tirẹ̀. Téèyàn bá ti kọjá ibẹ̀, ìṣirò rẹ̀ ò ní mú nǹkan kéékèèké dáadáa mọ́. Ìlà á máa gbọ̀n, róbótó á di onígun, hatch (ìlà tí wọ́n fi ń kún inú àwòrán) ò ní kún, igun ògiri tó yẹ kó pàdé á kọ̀ láti pàdé. Ẹ̀yin á wá máa ní kọ̀ǹpútà yín ti gbó. Kọ̀ǹpútà ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ ṣí pílánì awọnlẹ̀ ní AutoCAD, ètò yíya àwòrán, ná. Ẹ pa ohun tẹ́ ò nílò rẹ́, ẹ lo PURGE kó gbá ìdọ̀tí dànù, ẹ lo AUDIT kó tún àṣìṣe ṣe, kẹ́ ẹ fi í pamọ́. Tẹ́ ẹ bá dé Revit, Insert, lẹ́yìn náà Link CAD, tó kàn ń so pílánì mọ́ model láì dà á sínú rẹ̀. Níbi Import units, ẹ mú meter, ẹ má fi Auto-Detect sílẹ̀, torí ó lè sọ mítà di mìlímítà. Níbi Positioning, ẹ mú Auto - Center to Center. Kẹ́ ẹ wá lọ sí Manage, Coordinates, Acquire Coordinates, kẹ́ ẹ tẹ pílánì náà kí Revit lè gba nọ́ńbà rẹ̀. Ó parí! Ilé wà nítòsí Origin, nọ́ńbà awọnlẹ̀ ò sì yẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ló ń wọ̀ yín lọ́rùn, tí ọ̀sẹ̀ ẹlòmíì ò sì wọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ tún wo ògiri. Generic 200mm, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ta ló fi búlọ́ọ̀kù 200 kọ́lé níbí? Mẹ́sàn-án ínǹṣì jẹ́ 225, mẹ́fà ínǹṣì jẹ́ 150. Ẹ tẹ Edit Type, ẹ ṣe Duplicate, ẹ fún un ní orúkọ, ẹ fi búlọ́ọ̀kù 225 sí àárín, kẹ́ ẹ fi pílásítà sí tinú tòde. Gíga gbogbo ògiri ló sì jẹ́ Unconnected, orí ògiri ò so mọ́ Level (ìpele ilé) kankan. Bí onílé bá ní kẹ́ ẹ gbé àjà láti 3000 sí 3300, Level á gbéra, ògiri á jókòó síbi tó wà. Ṣé ẹ ò rí Up to Level ni?

Nínú pálọ̀, àga kan wà níbẹ̀ tí ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán tìmùtìmù rẹ̀ hàn ketekete. Àga mẹ́fà irú ẹ̀ ló ń mú fáìlì wúwo! Ta ló máa ka ojú abẹ́rẹ́ lórí pílánì 1:100?

Àwọn òpó wá ń kọ́? Wọ́n da òpó kọ òpó lórí, ọ̀kan gan-an lójú ọ̀kan. Revit sọ fún wọn o! Ó kọ ọ́ pé “identical instances in the same place”, ìyẹn ohun kan náà méjì lójú kan, ó tún fi kún un pé á di kíkà lẹ́ẹ̀mejì nínú schedule, àkójọ òǹkà ohun tó wà nínú ilé. Wọ́n tẹ OK. Wọ́n ń tẹ OK ṣáá. Sìmẹ́ńtì di ìlọ́po méjì, irin di ìlọ́po méjì, ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé ló sì máa san án. Manage, Review Warnings: ibẹ̀ ló wà, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́!

Iná náà ò sì ràn wá lọ́wọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, síbẹ̀ orí flash lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Bí iná bá sì ba fáìlì jẹ́, ẹ wá èyí tí .0001 wà lára orúkọ rẹ̀, ẹ̀dà tí Revit tọ́jú, nínú fódà kan náà. Ẹ má tún fi fáìlì Revit 2025 ránṣẹ́ sẹ́ni tó ní Revit 2023, torí kò ní ṣí, kò sì sí Save As tó lè dá a padà. Ẹ jọ fẹnu kò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn ṣì kéré. Lórí dírọ́ọ̀ìn, wọ́n kọ 4200 sí pálọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ wọn ògiri náà nínú model: 4050! Revit kì í gbà kéèyàn tẹ nọ́ńbà míì lé òǹkà tó wọ̀n. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n fi àmì tí ojú ò lè rí kún nọ́ńbà náà, kí Revit lè gbà á bí ọ̀rọ̀ lásán. Èèyàn jókòó, ó ronú irọ́ yìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀! Bíríkìlà á na okùn sí 4200, ẹńjiníà á ṣírò bíìmù sí 4050, àtẹ̀gùn ò ní bá ibi tó yẹ kó bá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kéèyàn tẹ ògiri, kó tẹ nọ́ńbà tó yọ síbẹ̀, kó kọ 4200, ògiri á sún fúnra rẹ̀.

Kí ẹni tó ya ilé ọ̀nà Ẹdẹ yìí wá gbé fáìlì rẹ̀, kó tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má gba kọ́bọ̀, kó sì ṣe é kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.