Little Richard ló kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mọ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé síídì olówó pọ́ọ́kú wá bá mi, àkójọ àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù tí Little Richard, olórin rock 'n' roll ará Amẹ́ríkà, kọ. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fóun, torí "Tutti Frutti" inú ẹ̀ ò dún bí èyí tóun mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ náà nìyẹn: bí orin inú àwo olówó pọ́ọ́kú bá ti yàtọ̀, àwọn ajíǹkanrọ ló ṣe é.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Little Richard gan-an ló ń kọrin níbẹ̀.

Oṣù September 1955 ni wọ́n gba "Tutti Frutti" sílẹ̀ ní sítúdíò Cosimo Matassa ní New Orleans. Earl Palmer lu ìlù, Lee Allen fọn fèrè saxophone. Specialty, iléeṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde, ló ni téèpù tí wọ́n gba orin náà sí, kì í ṣe ẹni tó kọrin. Nígbà tí Richard wá dé ọ̀dọ̀ Vee-Jay, iléeṣẹ́ àwo míì, lọ́dún 1964, wọn ò lè ta téèpù onítéèpù, ni wọ́n bá ní kó tún àwọn orin náà kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ó tún wọn kọ fáwọn míì náà lẹ́yìn ìyẹn. Irú àtúnkọ bẹ́ẹ̀ ló kún inú àwọn àkójọ olówó pọ́ọ́kú.

A gbé méjèèjì sí i tẹ̀ léra wọn. Nínú ti 1955, bó ṣe pariwo tán báyìí ni ìlù Palmer já lù ú, ara èèyàn á bù máṣọ. Nínú èkejì, igbe náà ṣì wà, fèrè tí mo ti há sórí ni mi ò gbọ́. Ó dùn mí, torí ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ níbẹ̀ á máa rò pé gbogbo ohun tí bàbá yẹn lè ṣe nìyẹn.

Owó tí wọ́n ń ta àwo kọ́ ló ń pinnu bóyá ti àkọ́kọ́ ló wà nínú ẹ̀. Lọ́dún 1972, RCA Camden, ẹ̀ka tí iléeṣẹ́ RCA fi ń ta àwo olówó pọ́ọ́kú, kó orin Elvis Presley jọ ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n pè é ní "Burning Love and Hits from His Movies, Volume 2". Ojúlówó ni gbogbo ẹ̀, torí RCA ló ni téèpù. Mercury ńkọ́, iléeṣẹ́ ńlá? "Chuck Berry's Golden Hits" tí wọ́n gbé jáde ní 1967, àtúnkọ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, torí ọwọ́ iléeṣẹ́ Chess ni ti àkọ́kọ́ wà.

Ẹ yí ẹ̀yìn páálí padà kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ ka lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ yẹn. A ka ti ọ̀rẹ́ mi lábẹ́ iná: "re-recorded", ìyẹn àtúnkọ, ni wọ́n kọ síbẹ̀.