Ẹni tó ń ṣe mod ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì káwọn èèyàn lè máa rí mod géèmù (àfikún tàbí àyípadà táwọn tó fẹ́ràn géèmù kan ń ṣe sínú ẹ̀ fúnra wọn) gbà lọ́wọ́ ara wọn, èmi náà fẹ́ dá sí i o. Tírú ibẹ̀ bá ti ṣí báyìí, iye fáìlì tó wà ńbẹ̀ àti iye èèyàn tó ti dánlóòdù ni wọ́n máa ń fi yangàn, ó dáa náà, àmọ́ ta ló ṣe àwọn fáìlì ọ̀hún? Ẹnì kan tí wọn ò sanwó fún ni, tó fi oorun du ara ẹ̀, tó ń wá ìdí tí ẹṣin inú géèmù fi ń rìn lójú sánmà. Tẹ́ni yẹn bá bínú lọ, àwọn tó ń dánlóòdù ò ní pẹ́ tẹ̀lé e, kí ni wọ́n fẹ́ máa wá ṣe níbi tí nǹkan tuntun ò ti jáde mọ́?

Ẹ má sì fojú kéré wọn. Lọ́dún 1999, mod géèmù Half-Life lásán ni Counter-Strike, Minh Le àti Jess Cliffe ló ṣe é kí Valve, ilé iṣẹ́ tó ṣe Half-Life, tó gbà á, tí wọ́n sì gbé e jáde ní géèmù gidi lọ́dún 2000. DotA náà, mod inú géèmù Warcraft III ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ni ọ̀rọ̀ àyè, ìyẹn kí ni ẹlòmíì lè fi mod tí mo gbé síbẹ̀ ṣe. Ṣó lè túmọ̀ ẹ̀ sí èdè míì? Ṣó lè yọ aṣọ tàbí ohùn inú ẹ̀ fi sínú tiẹ̀? Ṣó lè gbé e lọ síbòmíì? Ibi téèyàn ti ń gbé fáìlì wọlé gan-an ló yẹ kí ìbéèrè yìí ti pàdé ẹ̀, kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, kí gbogbo ayé sì rí i. Èyí tí wọn kì í wá bèèrè tó ni pé tẹ́ni tó ṣe é bá dáwọ́ dúró ńkọ́? Àwọn èèyàn ń kúrò nídìí géèmù, iṣẹ́ á gbé wọn lọ, wọ́n á bímọ, ẹlòmíì tiẹ̀ ti kú, géèmù ò sì ní dúró de ẹnì kankan. Lóṣù kẹrin ọdún 2024 tí ilé iṣẹ́ Bethesda gbé àpdéètì géèmù wọn, Fallout 4, jáde, F4SE, ìyẹn irinṣẹ́ kan tí àìmọye mod gbára lé, ò ṣiṣẹ́ mọ́ títí wọ́n fi tún un ṣe, ọ̀pọ̀ mod tó ní DLL (fáìlì kóòdù) tiẹ̀ náà sì ní láti gba àtúnṣe. Tẹ́ni tó ni ín ò bá sí ńlé, tí kò sì fàyè gba ẹnikẹ́ni, mod yẹn kú nìyẹn. Ẹ bi í nígbà tára ẹ̀ ṣì yá gágá jàre: tá ò bá gbúròó ẹ fún ọdún kan, ṣé kí ẹlòmíì máa bá a lọ?

Pípa fáìlì rẹ́ náà ńkọ́? Lóṣù keje ọdún 2021, Nexus Mods, ìkànnì ńlá kan táwọn èèyàn ti ń gba mod, kéde pé àwọn tó ń ṣe mod ò ní lè pa fáìlì wọn rẹ́ pátápátá mọ́, wọ́n kàn máa lè gbé e pamọ́ ni, torí wọ́n ń múra láti gbé Collections jáde, ìyẹn àkójọ mod téèyàn lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹyọ kan bá sì pòórá nínú ẹ̀ gbogbo ẹ̀ lè dàrú. Wọ́n fún àwọn tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní oṣù kan láti fi sọ pé kí ìkànnì náà bá wọn pa tiwọn rẹ́, àwọn kan sì kó tiwọn kúrò lóòótọ́. Kí n má parọ́, ìdí tí wọ́n sọ mọ́gbọ́n dání, àmọ́ òfin tó dé lẹ́yìn téèyàn ti kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún síbẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ dùn mọ́ ọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ ṣì láǹfààní ẹ̀, ẹ mú ọ̀kan, yálà kéèyàn lè pa fáìlì ẹ̀ rẹ́ tàbí kó má lè pa á rẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sójútáyé kí fáìlì àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ owó ṣá. Lóṣù kẹrin ọdún 2015, Valve àti Bethesda ní káwọn èèyàn máa ta mod Skyrim, géèmù Bethesda, lórí Steam, ìyẹn ọjà géèmù Valve lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló kan ẹni tó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n fi dá a dúró, tí wọ́n sì dá owó padà fáwọn tó ti rà. Ọ̀pọ̀ ní ojúkòkòrò ló bà á jẹ́, èmi ò rò pé ìyẹn nìkan o, torí mod ẹja pípa kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ọjà, wọ́n tètè yọ ọ́ ni torí ó gbára lé iṣẹ́ ẹlòmíì tí kò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tà. Ṣẹ́ ẹ rí i, ọ̀rọ̀ àyè yẹn náà la tún padà bá. Ẹ fi ibì kan síbẹ̀ kẹ́ni tó bá wù lè fún àwọn tó ń ṣe mod lówó, kó tán síbẹ̀.

Ààbò náà, ẹ má fi ṣeré. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, báírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní fractureiser wọ inú mod géèmù Minecraft lórí ìkànnì mod tó ń jẹ́ CurseForge, wọ́n jí àkáǹtì àwọn tó ń ṣe mod, wọ́n sì fi orúkọ wọn gbé ìdọ̀tí wọlé. Àwọn tó ń ṣe mod náà ló para pọ̀ tú àṣírí ẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé fáìlì wọlé, àfi kó máa fi kóòdù kejì kún páàsíwọ́ọ̀dù ẹ̀, ó lè máa kùn o.

Àwa tá à ń dánlóòdù náà ò wá dáa tó. A ò ní ka readme (fáìlì àlàyé tó bá mod wá), a ò ní wo ẹ̀dà (version) géèmù wa, a ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kò ṣiṣẹ́", ó tán. Ẹ ṣe é kó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà géèmù ẹ̀ àti àwọn mod míì tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ kí bọ́tìnì tó ṣí. Ìyẹn nìkan á yọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe mod lẹ́nu iṣẹ́ ìdáhùn kan náà lójoojúmọ́.

Tẹ́ ẹ bá wá kọ òfin yín tán, kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mẹ́ta mẹ́rin nínú àwọn tó ń ṣe mod, pàápàá àwọn tí inú máa ń tètè bí, ẹ jẹ́ kí wọ́n já a sí wẹ́wẹ́.