Kí ló kan ọ̀rẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú wákàtí tí mo fi gbá géèmù?

"Kí lẹ ń fi pamọ́?" Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti fi díẹ̀ nínú géèmù orí Steam mi sí ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan ń fi ẹ̀rín bi mí. Àwọn kan ń bi mí bí ẹni pé mo jí owó ìjọ kó. Ìdáhùn mi ò gùn: mo ti ṣíwọ́ pípàtẹ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá wá kí mi nílé ní Ìbarà, tó sì bi mí pé kí ni mò ń gbá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, màá sọ fún un, màá sì tún gbé páàdì lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí a ò fojú kan ara wa rí máa ka wákàtí mi, kó sì máa tibẹ̀ dá mi lẹ́jọ́, èmi ò gbà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ohun tí mò ń sọ: Steam ni ọjà ńlá tí a ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2003. Ohun tí o bá rà níbẹ̀ á wọ inú àkáǹtì rẹ, á sì máa ka àkókò tí o ń lò lórí rẹ̀. Bí o bá ṣí àkáǹtì náà sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́, wọ́n á rí gbogbo géèmù tí o ní, wọ́n á rí èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, títí kan èyí tí o kàn ń dù tí owó ò tíì tó. Bí o bá tún tẹ géèmù kan báyìí, àkọlé kékeré lè yọ ní igun kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ pé lágbájá ti bẹ̀rẹ̀ o.

Ṣọ́ọ̀bù géèmù ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà ní Abẹ́òkúta ti kọ́ géèmù. Ní Kútò, ní Lafẹ́nwá, ní àdúgbò Pánsẹ́kẹ́: tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ǹṣì onígi, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ilé. O sanwó, o gbá, wọ́n nà ọ́, o dìde fún ẹlòmíràn. Gbogbo ènìyàn ló ń rí ọ níbẹ̀, wọ́n sì lè fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, góòlù tí wọ́n gbá wọlé rẹ nìkan ni wọ́n rántí, wọn ò mọ iye wákàtí tí o ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí o ti wà ní JSS 2. Steam mọ̀ ọ́n. Kì í gbàgbé, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún àwọn tó ń sọ pé ojú kan náà ni, pé ṣebí gbangba la ti ń gbá a látijọ́. Ojú ènìyàn àti ìwé ìṣirò kì í ṣe ọ̀kan náà.

Olùkọ́ ni mí. Ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn, ẹ ò ní í béèrè ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tó ti kúrò lọ́wọ́ mi, tí wọ́n ti wọ yunifásítì, òmíràn ní Àlàbàtà níbí gan-an, ti di ọ̀rẹ́ mi lórí Steam. Inú mi dùn sí i, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́: "Ẹ káàárọ̀ sà. A rí yín lórí GTA láago méjì òru o, sà." Géèmù ìbọn àti olè jíjà ni GTA. Kì í ṣe àfojúdi. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń tú mi fó. Ọ̀kan nínú wọn sì ní àbúrò tó ṣì ń jókòó ní kíláàsì mi. Ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1859 ni ìlú wa, ìròyìn kì í pẹ́ rìn níbí: kí n tó gbé ṣọ́ọ̀kì lọ́jọ́ náà, wọ́n ti mọ̀ ní kíláàsì pé sà ò sùn.

Iṣẹ́ mi ò sì yẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kọ́ wọn dáadáa. Ta ló béèrè ìyẹn?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àkójọ géèmù àti wákàtí tí Steam ń ṣe yìí kì í purọ́, síbẹ̀ kì í sọ òtítọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká mú wákàtí. Géèmù tó bá ṣáà ti ṣí ni Steam ń kà, kì í bi ọ́ bóyá o wà nídìí rẹ̀. Bí mo bá ṣí géèmù, tí mo wá fi sílẹ̀ lọ máàkì ìwé ìdánwò títí iná fi lọ, tí bátìrì lápútọ́ọ̀pù sì ń gbé e lọ, géèmù ni wọ́n kọ fún mi. Wọn ò kọ ìwé ìdánwò sí i. Ọ̀rẹ́ tó bá wá wò ó á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà kì í ṣiṣẹ́ ni?"

Ti owó tún burú ju ìyẹn lọ. Dọ́là ni Steam fi ń tajà fún àwa ará Nàìjíríà, géèmù ńlá tuntun sì lè tó $60 tàbí $70. Bí a bá ṣírò dọ́là kan ní ₦1,500, $60 á di ₦90,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, ₦70,000 ni. Nítorí náà, bí àbúrò kan bá yọjú sí àkójọ mi, tó rí géèmù lórí géèmù, á jókòó ṣírò, á sì rò pé mo ní owó nílẹ̀. Àkójọ náà ò sọ fún un pé mo ti ń dúró de àkókò tí wọ́n máa ń já owó wálẹ̀, pé $5 ni mo ra òmíràn, pé wọ́n fi òmíràn ta mí lọ́rẹ ni. Ó kàn rí orúkọ géèmù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ mọ̀ ọ́n, owó tí wọ́n bá ti mọ̀ pé o ní ti ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é. Ọ̀kan tọrọ owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo ní kò sí. Èsì tó fún mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ra géèmù lánàá." Kí ni kí n fèsì sí ìyẹn? Kí n mú rìsíìtì jáde? Ènìyàn tí kò jẹ mí lówó, tí èmi náà ò jẹ ní kọ́bọ̀!

Wọ́n á ní ẹni tí kò bá ní ohun ìtìjú kì í ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí rárá. Géèmù tí mo kọ́kọ́ fi pa mọ́, géèmù oko ni. Stardew Valley ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin kan ṣoṣo, Eric Barone, ló dá ṣe é tó sì gbé e jáde ní 2016. O ó gbin nǹkan, o ó bomi rin ín, o ó bọ́ adìẹ, o ó kí aládùúgbò. Kò sí ìbọn tí o máa yìn, kò sí ìhòòhò. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi rí i, wọ́n ní ọmọ Ẹ̀gbá tí kò mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá ló ń gbin ewébẹ̀ òyìnbó lóru. Ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo wá rí i pé n kì í fẹ́ ṣí i mọ́ tí wọ́n bá wà lórí ìlà, pé bọ́ọ̀lù ni mò ń ṣí dípò rẹ̀ kí àwàdà náà má baà tún bẹ̀rẹ̀. Eré tí mo fi ń sinmi ti di ohun tí mo ń fi ojú ẹlòmíràn wò kí n tó yàn án. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, èyí tó mọ́ gan-an náà wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi mọ gbogbo géèmù tí mo ní o, kí ẹ má lọ rò ó gba ibòmíràn. Òun ló ń pa jẹnẹrétọ̀ tó bá ti sú u.

Ní ti bí a ṣe ń ṣe é, nǹkan ti rọrùn. Ní oṣù kẹrin 2018, Valve tún ètò náà ṣe: o lè ṣí àkójọ rẹ fún gbogbo ayé, tàbí fún ọ̀rẹ́ nìkan, tàbí kí o máa dá nìkan wò ó. Wọ́n tún fi ibì kan sí i tí o ti lè bo wákàtí rẹ mọ́lẹ̀ bí àwọn ọ̀rẹ́ bá tiẹ̀ ń rí orúkọ àwọn géèmù. Àwọn fúnra wọn fi ṣàwàdà nínú ìkéde náà, nípa ẹni tó ti lo wákàtí tó lé ní 4,000 lórí géèmù kan tó sì ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni. Kí wọ́n tó yí i padà, àjèjì pàápàá ń ka àkójọ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Sergey Galyonkin ní ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Steam Spy, tó ń ti ara àkójọ àwọn èèyàn díwọ̀n bí géèmù kọ̀ọ̀kan ṣe ń tà. Nígbà tí Valve sọ ọ́ di pé ìkọ̀kọ̀ ni àkójọ á wà àfi tí ẹni tó ni ín bá ṣí i, ó kéde pé ojúlé náà ò ní lè ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe é mọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, iṣẹ́ rẹ̀ wúlò fún àwọn tó ń ṣe géèmù. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí wọ́n ń kà ló mọ̀ pé wọ́n ń ka àwọn?

Ní 2024 ni èyí tí èmi fẹ́ràn jù dé. O lè mú géèmù kan ṣoṣo sí ìkọ̀kọ̀, kí ìyókù wà ní gbangba. Ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí ibẹ̀ ló ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀: bọ́tìnì "Hide this game" kì í bò ọ́ lójú ọ̀rẹ́, ó kàn ń gbé géèmù kúrò níwájú ìwọ fúnra rẹ ni. "Mark as Private" ni ẹ ń wá. Bí ẹ bá sì ń lo Discord, níbi tí àwọn tó ń gbá géèmù ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ lọ pa ibi tó ti ń kéde ohun tí ẹ ń gbá níbẹ̀ náà, torí ohun tí Steam bò, Discord lè tú u síta. PlayStation náà ní ibi tí o ti lè yan ẹni tó máa rí géèmù tí o ti gbá.

Ẹ má wá gbé òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kò mí lójú o. Ilé-iṣẹ́ àti àjọ tó ń kó dátà ènìyàn jọ ló ń bá wí. Ọ̀rẹ́ tó ń yọjú wo ohun tí o ṣí sílẹ̀ fún un ò rú òfin kankan, ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yàtọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń fi géèmù pamọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ni kọ̀ǹpútà, kó ṣí i.

Mo gbà pé nǹkan kan ń sọnù tí ènìyàn bá ti ohun gbogbo pa. Bí mi ò bá rí i pé o ní géèmù kan, báwo ni mo ṣe máa pè ọ́ ká jọ gbá a? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ti gbogbo rẹ̀. Wákàtí mi ti wọlé, oko mi ti wọlé, GTA náà ti wọlé nítorí àwọn tó ṣì wà ní kíláàsì mi. Bọ́ọ̀lù wà níta. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tí ẹ ń pariwo pé ẹ lè nà mí, eFootball ò náni ní kọ́bọ̀, mo máa ń wà níbẹ̀ lálẹ́ Sátidé bí iná bá wà. Ẹ mú dátà tó pọ̀ wá, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi lẹ́yìn góòlù kẹta pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já.